Ẹsẹ̀ Tó Rọ: Ṣé Yóò Tún Rìn?

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé rédíò súnmọ́ ìdí ààrò díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la fẹ́ sọ. A ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó kán, a ò sì sọ̀rọ̀ làkúrègbé. Ẹsẹ̀ tí à ń wí ni èyí tí eegun rẹ̀ pé, tí awọ rẹ̀ ń dán, tí kò sí egbò lára rẹ̀, àmọ́ tí ẹni tó ni ín ní kó gbéra, tí kò gbéra.

Bí irú ẹsẹ̀ báyìí bá wà nínú ilé kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí máa ń bi dókítà: ṣé yóò tún rìn? Kí dókítà tó la ẹnu, àwọn ará àdúgbò á ti dáhùn. Àwọn kan á ní, "Ó ti bọ́ nìyẹn, ẹ yáa lọ ra kẹ̀kẹ́ arọ." Àwọn mìíràn á ní, "Bàbá kan wà lóko tó ń ṣe é. Ọjọ́ méje péré, á máa sáré." Èmi ò gba ti apá méjèèjì. Kí ló dé tí mi ò fi gbà? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ló ń mú ẹsẹ̀ gbéra gan-an? Ẹran ẹsẹ̀ ló ń fa eegun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ kì í dá iṣẹ́ ṣe. Iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá bá a. Iṣan yìí kan náà ló ń gbé ìròyìn padà lọ sókè: pé ilẹ̀ gbóná, pé òkúta gún àtẹ́lẹsẹ̀, pé sálúbàtà ti fẹ́ bọ́. Bí iṣan ìmọ̀lára bá fara pa, àṣẹ kò ní dé ìsàlẹ̀, ìròyìn kò sì ní dé òkè. Ẹsẹ̀ á rọ, á sì kú tipiri.

Nínú gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó wà lára ọmọ ènìyàn, èyí tó nípọn jù ni wọ́n ń pè ní sáyátíìkì. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti wá. Ó gba inú ìdí kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn itan. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé orúnkún, ó pín sí méjì. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Òun ló ń jẹ́ ká lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí a bá ń rìn. Èkejì yà sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún ní apá òde. Ẹ fọwọ́ kàn án wò níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ orúnkún yín ní apá òde, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ṣé ẹ kan eegun kékeré kan tó yọ kókó? Ẹ̀yìn eegun yẹn gan-an ni iṣan náà gbà kọjá. Kò sí ẹran kankan tó dáàbò bò ó níbẹ̀, àfi awọ.

Iṣan tó yà sí ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ wa sókè. Bó bá bàjẹ́, iwájú ẹsẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀. Sálúbàtà á bọ́ sẹ́yìn, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa gbálẹ̀. Kó má baà kọsẹ̀, onítọ̀hún á máa gbé orúnkún sókè ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa já ẹsẹ̀ lulẹ̀ pà, pà, pà.

Ohun tó lè fa èyí pọ̀. Ọ̀kadà lè gbá ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Aboyún lè rọbí pẹ́ títí, kí orí ọmọ máa tẹ iṣan mọ́ eegun ìbàdí, tàbí kí aboyún náà lóṣòó pẹ́ jù. Bó bá bímọ tán, ẹsẹ̀ kan kò ní gbé iwájú mọ́. Teguntegun lè di ọparun mọ́ ẹsẹ̀ tó kán, kó dì í le jù ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín teguntegun nìkan o, nítorí POP tí wọ́n ń dè nílé ìwòsàn náà lè ṣe irú rẹ̀. Bí wọ́n bá de POP mọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbéra mọ́, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, òru ni o, àárọ̀ ni o, ẹ gbé e padà lọ kí wọ́n là á.

Àmọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ara ọmọ gbóná. Ìyá rẹ̀ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ibà ni, ó fa oògùn sínú síríńjì, ó gún ọmọ nídìí. Ọmọ ké, ó jà. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ó tiro. Ìyá rò pé oró abẹ́rẹ́ lásán ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iwájú ẹsẹ̀ ọmọ ń wọ́ nílẹ̀. Ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó tẹ nǹkan ni. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí sì wà ní ìdí ọmọ gan-an, níbi tí abẹ́rẹ́ wọ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ ní láti gún iṣan ìmọ̀lára kó tó bà á jẹ́? Rárá o. Bí oògùn bá kàn dà sí ẹ̀gbẹ́ iṣan náà, ó lè jó o. Kínínì àti kulorokúìnì, tí wọ́n ti ń gún mọ́ ọmọ nídìí láti ọjọ́ pípẹ́, wà lára àwọn tó ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ báyìí. Ìdí ọmọ kékeré kò ní ẹran púpọ̀, pàápàá ọmọ tí àìsàn ti mú rù. Abẹ́rẹ́ tí ì bá dúró sínú ẹran lára àgbàlagbà, ó lè dé ibi iṣan lára ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ béèrè pé: ṣé abẹ́rẹ́ yìí pọn dandan? Ṣé kò sí oníhóró tàbí olómi? Ibà tí kò bá le, oògùn ibà tí à ń gbé mì tó o. Èyí tó bá le, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fi tọ́jú ibà tó le ni abẹ́rẹ́ artesunate, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí iwájú itan sì ni wọ́n ń gbà fún ọmọdé. Ẹ kíyè sí i pé itan náà ni nọ́ọ̀sì ń gún bí ẹ bá gbé ọmọ ọwọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó nídìí: iṣan sáyátíìkì kò gba iwájú itan. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi kẹ́wọ́ pé òun kò ní gba àjẹsára fún ọmọ òun mọ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ohun yòówù tí ẹ bá rò pé ó fà á, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kíákíá. Wọ́n ní láti gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Lóòótọ́, ní oṣù Ògún ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá. Ìṣọ́ra tí wọ́n ń ṣe kò dáwọ́ dúró síbẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀: ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ṣì ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí abẹ́rẹ́ ba iṣan rẹ̀ jẹ́, ibì kan lára ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń kú.

Ó dáa. Iṣan ti fara pa. Ṣé yóò san?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ràn mí lọ́wọ́ níbí. Ẹ wo ìtàkùn iṣu tó ń gun ọ̀pá. Nígbà mìíràn, nǹkan lè wó lé ìtàkùn náà, kó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kó má já. Bí ẹ bá ti gbé ohun tó wó lù ú kúrò, ìtàkùn á tún gbéra. Nígbà mìíràn, ìtàkùn á já, ṣùgbọ́n ọ̀pá ṣì dúró. Ọwọ́ tuntun á yọ láti ìdí, á wá ọ̀pá kàn, á tún máa gùn ún lọ. Èyí tó burú jù ni kí ìtàkùn já, kí ọ̀pá náà sì ṣẹ́. Ọwọ́ tuntun á yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò gùn. Á kàn lọ́ mọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan ìmọ̀lára. Fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ni ìtàkùn. Àpò tó bo fọ́nrán náà ni ọ̀pá. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Herbert Seddon, ló pín ìpalára iṣan sí ọ̀nà mẹ́ta yìí ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, tí ọta ìbọn ń ba iṣan àwọn ọmọ ogun jẹ́. Títí di òní, àwọn dókítà ṣì ń lo ìpín náà.

Ti àkọ́kọ́, tí fọ́nrán kàn tẹ̀, á san fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ẹsẹ̀ wọn rọ lẹ́yìn ìrọbí ló bọ́ sí ìpín yìí. Ti ìkejì, tí fọ́nrán já àmọ́ tí àpò pé, á hù padà, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ti ìkẹta, tí àpò náà já, kò lè san láìsí iṣẹ́ abẹ.

Wàyí o, ṣé ẹ rí ibi tí wàhálà wà? Ní ọjọ́ kìíní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rọ̀ wálẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú tipiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mi ò gba ti apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ní ó ti bọ́ kò tíì mọ̀. Bàbá tó ń fi ọjọ́ méje ṣe é náà kò mọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá san lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpín àkọ́kọ́ ni, ì bá sì ti san láìfi nǹkan kan pa á. Kódà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iṣan wò nílé ìwòsàn ńlá, ó máa ń dára kí wọ́n dúró di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lò ó, nítorí bí wọ́n bá lò ó ṣáájú ìgbà náà, èsì rẹ̀ lè ṣini lọ́nà.

Báwo ni iṣan tó já ṣe ń yára hù tó? Ẹ gbọ́ o: mìlímítà kan lóòjọ́. Mo tún un sọ: mìlímítà kan péré, èyí tó fi díẹ̀ ju ìnṣì kan lọ lóṣù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iṣan bá bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ẹran tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó yẹ kí nǹkan ti máa mì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìdí àgbàlagbà ló ti bàjẹ́, kó tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ó lè gba ọdún kan àtààbọ̀. Kó tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó lè tó ọdún méjì àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé sàn, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrú, ọ̀nà kò jìn, iṣan ọmọdé sì máa ń hù dáadáa ju ti àgbà lọ.

Ṣé ká kàn jókòó máa dúró ni? Ibí gan-an ló ti le. Ẹran ẹsẹ̀ kì í dúró de iṣan títí ayé. Ẹran tí kò bá rí àṣẹ gbà á máa joro. Bó bá fi tó oṣù 12 sí oṣù 18, ibi tí iṣan ń gbà wọ inú ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, débi pé bí iṣan bá tilẹ̀ dé, kò ní rí ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ tàbí ìgò fífọ́ ló gé iṣan, kò yẹ kó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí wọ́n tó rán an. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tàbí ìgbálù ni, wọ́n lè ṣọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́ta. Bí kò bá sí àmì kankan nígbà náà, kí oníṣẹ́ abẹ yẹ inú rẹ̀ wò kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tó lo ọdún méjì níbi àgbo kó tó wá sílé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ tí yóò rán iṣan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àmì wo la óò máa wò? Dókítà á fi ìka gbá ojú ọ̀nà iṣan náà pẹ́pẹ́pẹ́. Níbi tí iṣan hù dé, aláìsàn á mọ̀ ọ́n lára wìnnìwìnnì títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ibi tó ń ṣe wìnnìwìnnì bá ń sọ̀ kalẹ̀ lóṣooṣù, iṣan ń bọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1915, dókítà ọmọ Faransé kan, Jules Tinel, kọ̀wé nípa àmì yìí. Ní ọdún kan náà, ọmọ Jámánì kan, Paul Hoffmann, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjèèjì sì ń bá ara wọn jagun lọ́wọ́ nígbà náà! Ara àwọn ọmọ ogun tó fara pa ni àwọn méjèèjì ti rí i.

Bí ó bá di ti iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè rán iṣan pọ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín, wọ́n á mú iṣan ìmọ̀lára kékeré kan láti ẹ̀yìn ojúgun, wọ́n á fi lẹ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mú un á kú díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dí ìrìn lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ yìí gba ọwọ́ àkọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ilé ìwòsàn àwọn yunifásítì wa wà, ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbòbì l'Ékòó sì wà, èyí tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn gan-an. Ṣé yóò tún rìn? Ọmọ tí abẹ́rẹ́ ba sáyátíìkì rẹ̀ jẹ́, ẹni tí ọ̀kadà gbá ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ níbi ìrọbí: mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á rìn. Kí ló jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀? Nítorí pé iṣan mìíràn ló ń darí ẹran iwájú itan, èyí tó ń mú orúnkún dúró gbọin. Iṣan yẹn kò sí lára èyí tó bàjẹ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá lè dúró á rìn. Ìbéèrè tó kù ni pé irú ìrìn wo ni? Ṣé ẹsẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, àbí gìgísẹ̀ á gbéra, ẹsẹ̀ á lọ́ sínú, ọmọ á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ títí yóò fi dàgbà? Èyí kò sí lọ́wọ́ iṣan nìkan. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí iwájú ẹsẹ̀ bá rọ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́, okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á máa sún kì. Láàárín oṣù díẹ̀, á ti le. Bí iṣan bá wá hù dé lẹ́yìn ọdún kan, á bá ẹsẹ̀ tó ti gan. Ẹran á ní àṣẹ, oríkèé kò ní gbà. Mo ti rí irú rẹ̀, ó sì máa ń dunni ju èyí tí iṣan kò hù rárá lọ, nítorí aṣọ àtijọ́ kan ṣoṣo ni ì bá ti dènà rẹ̀.

Kí la fẹ́ fi aṣọ ṣe? Kí aláìsàn jókòó, kó na ẹsẹ̀. Kó fi aṣọ kọ́ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, kó mú etí méjèèjì dání, kó rọra fà á síhà ara rẹ̀. Orúnkún kò gbọdọ̀ ká. Kó fà á dúró títí yóò fi ka ení dé ọgbọ̀n, kó dẹ̀ ẹ́, kó tún fà á. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lójoojúmọ́. Ti ọmọdé, ọwọ́ ni ìyá yóò fi tì í. Rọra ni mo wí o: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn onífisiotẹ́rápì tún lè bá yín wá ike tí wọ́n ń fi ti ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń ti ẹ̀yìn ojúgun bọ́ sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, inú bàtà ni wọ́n ń kì í sí. Ọjọ́ tí aláìsàn bá wọ̀ ọ́ náà ni ìrìn rẹ̀ á yàtọ̀. Àwọn kan máa ń tijú ike yìí, wọ́n á ní ó ń fi àwọn hàn bí arọ. Ẹ ṣáà wo ẹni tó wọ ṣòkòtò lé e, tó ń rìn lọ, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ó mọ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ńkọ́? Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tó kú. Ẹ má gbé e sórí yanrìn gbígbóná, ẹ má kó ẹ̀yinná sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò lè sọ fún ẹni tó ni ín pé ó ti ń bó. Àwọn kan wá sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ tó rọ, ó wá jẹ́ egbò iná ni wọ́n ń tọ́jú fún oṣù mẹ́ta. Ẹ fi òróró wọ́ ọ wẹ́rẹ́ bó bá tù yín lára, kò burú, àmọ́ wíwọ́ kì í mú iṣan hù. Abẹ́rẹ́ fítámì B tí wọ́n ń tà káàkiri náà, ẹni tí fítámì ọ̀hún kò tó lára rẹ̀ ló wà fún. Kò lè so iṣan tó já pọ̀.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba àwọn mìíràn, nítorí kì í ṣe ìpalára nìkan ló ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Àwọn dókítà Faransé ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1916. Ó lè tẹ̀lé ìgbẹ́ gbuuru tàbí ọ̀fìnkìn. Ẹsẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má dúró wò ó nílé, nítorí ó lè gòkè dé ibi èémí. Àmọ́ ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀: pẹ̀lú ìtọ́jú tó péye, nínú ènìyàn mẹ́wàá, bí mẹ́jọ á ti máa dá rìn láàárín oṣù mẹ́fà.

Ti àtọ̀gbẹ yàtọ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa ta, á máa jó, títí á fi kú. Iṣan tí àtọ̀gbẹ bá bà jẹ́ kì í sábà padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá wà ní ìwọ̀n, ó lè má burú sí i. Egbò tí a kò mọ̀ pé ó wà ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ alátọ̀gbẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alalẹ́ ni kí ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, kí ẹ gbé dígí sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ kò bá lè tẹ̀ba.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nílé wa níbí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí a ò lè gbàgbé nínú ìmọ̀ iṣan àti ọpọlọ, ṣèwádìí nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn sì ń kú. Ó tọ́ka sí májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé e ní Ìjẹ̀bú kan náà ti ń jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹ̀gẹ́ lọ. Iyàn ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn o. Ní tiwa, kí gàrí kan dáadáa, kó sun omi rẹ̀ tán kí a tó yan án, kí ẹja tàbí ẹ̀wà sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Okùn inú eegun ẹ̀yìn, tó ń bàjẹ́ níbi ìjàm̀bá ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Kì í hù padà bí iṣan ẹsẹ̀ ṣe ń hù, ìdáhùn tí mo fún yín lónìí kò sì kàn án.

Ó ku ẹnì kan tó ń gbọ́ mi, tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ tèmi ti pé ọdún mẹ́wàá, ọmọ ọdún méjì ló wà tí wọ́n ti gún un. Ṣé ó ti pẹ́ jù?" Ó ti pẹ́ jù láti rán iṣan, òótọ́ ni. Kò tíì pẹ́ jù láti tún ìrìn ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló kú, oníṣẹ́ abẹ lè mú okùn ẹran kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojúgun, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ sínú, kó gbé e wá sí orí ẹsẹ̀, kó máa gbé iwájú rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, onífisiotẹ́rápì á kọ́ ọmọ bí yóò ṣe máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ kí wọ́n tó ṣe é, kò gbọdọ̀ gan. Èyí tó bá ti gan, wọ́n lè kọ́kọ́ tú okùn gìgísẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró kí eegun rẹ̀ gbó díẹ̀ sí i kí wọ́n tó tún un tò.

Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun nílé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù ní agbègbè yín. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú bàtà tó ti ń wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dání, ẹ má ra tuntun nítorí ilé ìwòsàn. Ibi tí ìdí bàtà ti jẹ ni wọ́n fi ń mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀.